Ojú Olóyè ní Igun Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Ẹ̀yin ará mi, ṣé ẹ ti rí ọkùnrin tó tẹ ojú ara rẹ̀ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìwé kan ṣoṣo rí, tí kò sì kú, tí kò sì du ipò? Ẹ fara balẹ̀, mo mọ ọ̀kan. Adó-Èkìtì níbí ni. Ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí oríta Fájuyì. Tí ẹ bá gun ọ̀kadà láti ibẹ̀, ẹ ò ní tíì ka Sáàmù kẹtàlélógún tán tí ẹ ó fi dé ẹnu géètì.

Olóyè Olúwajùwọ́nlọ Ilésanmí ni wọ́n ń pè é, Ọ̀gá Àgbà ní Ọ́fíìsì Ìtọ́jú Ojú Àwọn Àgbàlagbà. Iṣẹ́ ọ́fíìsì náà kò le. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn bàbá àti ìyá arúgbó tí awọ funfun ti bo ojú wọn, kí wọ́n kó orúkọ náà fún àwọn dókítà tó ń bọ̀ láti òkèèrè, ó tán. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni àwọn dókítà náà máa lò. Wọ́n máa ṣí awọ ojú lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé, wọn á sì bá tiwọn lọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ó di ọdún mẹ́ta sí i. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ẹni ọgọ́rin ọdún kì í ṣe ẹni tí à ń sọ fún pé kó padà wá lọ́dún mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí Olóyè ṣe ń wọ ọ́fíìsì.

Bí mọ́tò rẹ̀ bá ti fọn fèrè ní géètì láago mẹ́sàn-án, gbogbo òṣìṣẹ́ a tò sórí àtẹ̀gùn gẹ́gẹ́ bí ipò oníkálukú. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn, tó bá dúró nísàlẹ̀, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní ìtẹríba. Ọ̀gbẹ́ni Pamílẹ́rìn, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ Olóyè, ni yóò gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú báàgì yẹn ju díńgí àti kóòmù lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ni Pamílẹ́rìn fi ń gbé e, bí ẹni gbé ọmọ tuntun lọ ibi ìsàmì.

"Káàbọ̀, Olóyè," Pamílẹ́rìn a wí. "Oòrùn ti yọ láti aago mẹ́fà, ṣùgbọ́n ìsinsìnyí ni ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́."

"Ta ló ní kó yọ kí n tó dé?"

"A máa kọ lẹ́tà sí i, sà."

Ẹ má rò pé àwàdà ni. Ó ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí, sí àwọn oníná, pé kí iná má ṣe máa lọ nígbà tí Olóyè bá ń sọ̀rọ̀. Ní ti àwòrán Olóyè, gbogbo yàrá ló wà. Wọ́n fẹ́ gbé ọ̀kan kọ́ sí ilé ìtọ̀ náà, Olóyè fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé àwọn òṣìṣẹ́ á máa pẹ́ níbẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wò ó.

Ìgbà tó yá ni ìjọba fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí wọn, èyí tó ń ya àwòrán ìwé, tó sì ń ka ohun tí ènìyàn kọ síbẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà. Sikánà ni wọ́n ń pè é. Èrò ìjọba ni pé kí orúkọ àwọn arúgbó lè tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà. Èrò Olóyè ni pé ó yẹ kí á ṣe ìfilọ́lẹ̀.

Wọ́n so rìbọ́n pupa mọ́ sikánà lára. Pásítọ̀ gbàdúrà, Alfa gbàdúrà, Olóyè náà gbàdúrà, nítorí ó ní àwọn méjèèjì kò dárúkọ òun tó. Ó wá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ̀yin ènìyàn Èkìtì," ó ní, "láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé ni ènìyàn ti ń ka ìwé. Lónìí, lábẹ́ àkóso mi, ìwé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ènìyàn." Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó túmọ̀ sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pàtẹ́wọ́ pẹ́. Ó gbé sísọ́ọ̀sì, ó gé rìbọ́n, ó sì gé wáyà mọ́ ọn. Iná ojú ẹ̀rọ kú. Pamílẹ́rìn ní ẹ̀rọ náà ń tẹrí ba ni.

Obìnrin kan wà ní ọ́fíìsì náà tó ń jẹ́ Saadat, ọmọ Adó, ìyá ọmọ mẹ́ta, tí ọkọ rẹ̀ ń ránṣọ. Òun nìkan ló mọ ẹ̀rọ náà lò. Nígbà tí wọ́n so wáyà padà tán, ó gbé fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa lò wọlé tọ Olóyè lọ.

"Olóyè, àmì dúdú mẹ́rin tó wà nígun yìí ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí ìwé ṣe jókòó," ó ní. "Bó ti wù kéèyàn rọra ki ìwé bọ̀ ọ́ tó, á wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti rí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á tún ìwé náà tò kó gún. Èmi á wá fi hàn án pé ibi tí orúkọ wà nìyí, ibi tí ọjọ́ orí wà nìyí, ojú tí kò ríran nìyí. Bíi pátánì tí bàbá àwọn ọmọ mi fi ń gé aṣọ ni, sà. Tí igun pátánì bá yẹ̀, apá á bọ́ sí ọrùn."

Olóyè gbé fọ́ọ̀mù náà sókè, ó wò ó, ó tún gbé e jìnnà sí ojú.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà."

"Kí ló dé tí ìwé mi fi wọ dúdú?"

"Láti àná ni mo ti ń wò ó, Olóyè," Pamílẹ́rìn dá sí i. "Ara mi ò lélẹ̀."

"Yọ gbogbo dúdú yẹn kúrò," Olóyè wí. "Ojú mi ni kó o fi sí i, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ẹ̀rọ bá ń wá ohun tó máa wò kí ara rẹ̀ lè gún, kí ló tún ju ojú mi lọ?"

"Sà, ohun tí kò ní wàhálà ni ẹ̀rọ ń fẹ́. Ojú èèyàn ní imú, ó ní ẹnu, ó ní..."

"Kí ló ṣe imú mi?"

"Imú Olóyè dọ́gba," Pamílẹ́rìn wí. "Mo ti wọ̀n ọ́n."

Bí wọ́n ṣe yọ àmì dúdú nìyẹn. Wọ́n ya Olóyè ní àwòrán tuntun. Ó wọ agbádá funfun, ó sì le ojú koko, nítorí ó ní ẹ̀rín kò yẹ ọlọ́lá. Wọ́n tẹ ojú yẹn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sókè pé, LÁTI ỌWỌ́ OLÓYÈ ALÀGBÀ AJÍHÌNRERE OLÚWAJÙWỌ́NLỌ ILÉSANMÍ, ó gba ìlà kan gbáko. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Saadat jókòó ti ẹ̀rọ lọ́jọ́ méjì, ó kọ́ ọ kó máa wá ojú Olóyè. Ẹ̀rọ ò lẹ́nu tó fi máa kọ̀.

Ìyìn-Èkìtì ni wọ́n kọ́kọ́ kó fọ́ọ̀mù náà lọ. Ọ̀sẹ̀ kò tíì pé tí àwọn àgbà mẹ́fà fi ti Ìyìn dé sí ọ́fíìsì, gbogbo wọn wọ dúdú, wọ́n mú ìwé orin lọ́wọ́. Bàbá Adéolúwa ló ṣáájú wọn, àgbàlagbà tó ti ṣe olùkọ́ rí. Ó bá Pamílẹ́rìn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ìrọ́jú o," Bàbá Adéolúwa wí. "A rí ìwé olóògbé. Ìgbà wo ni ìsìnkú?"

Pamílẹ́rìn kò tíì fèsì tí Olóyè fi jáde. "Olóògbé wo?"

Bàbá náà wo ìwé, ó wo ọkùnrin tó dúró síwájú rẹ̀, ó sì yíjú sí àwọn tó kù. "Àbúrò rẹ̀ nìyí. Wọ́n jọra gan-an." Ó di Olóyè lọ́wọ́ mú. "Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ gbìyànjú."

"Èmi ni," Olóyè wí.

"Bó ṣe máa ń rí lára nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n tèmi lọ, èmi náà rò pé èmi ni."

"Mo ní èmi ni mo wà nínú àwòrán yẹn."

"Àbúrò, ojú wa ò ríran dáadáa mọ́," ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà wí, "ṣùgbọ́n a mọ ìwé òkú. Ojú tó le, oyè lókè, déètì nísàlẹ̀. Kí ló kù?"

Wọ́n ṣí ìwé orin, wọ́n kọ ẹsẹ kan. Àwọn òṣìṣẹ́ orí àtẹ̀gùn kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí àwọn gbè é. Àwọn méjì gbè é, ọ̀kan tilẹ̀ mú ohùn kejì.

Ẹ̀yin tó gbọ́n lè rò pé Olóyè máa dá àmì dúdú padà. Rárá o. Ó pe ìpàdé, ó fi ọwọ́ lu tábìlì, ó ní kí wọ́n kó fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ nílẹ̀ pátápátá, kí wọ́n tẹ òmíràn. Àṣẹ méjì ló pa. Èkínní, òun máa rẹ́rìn-ín nínú àwòrán, kí aráyé mọ̀ pé ẹ̀mí wà níbẹ̀. Èkejì, kí wọ́n fi kún oyè òun lókè ìwé pé, TÍ Ó WÀ LÁÀYÈ.

Oyè tó ti kún ìlà kan tẹ́lẹ̀ wá di ìlà méjì. Orúkọ Olóyè àti wíwà láàyè rẹ̀ bọ́ sí ìlà kejì, wọ́n sì jókòó gẹ́lẹ́ síbi tí àpótí orúkọ aláìsàn wà. Atẹ̀wé ò mọ ohun tó lè ṣe, ló bá ti àpótí orúkọ aláìsàn lọ sí etí ọ̀tún, ó fún un mọ́bẹ̀. Ohun tó kù kò kúrò láyè wọn.

Saadat rí i. Ó lọ bá Olóyè.

"Sà, àpótí orúkọ ti ṣí kúrò níbi tí mo fi han ẹ̀rọ. Ẹ fún mi ní ìdajì ọjọ́ kí n fi ibi tuntun hàn án."

"Ojú mi ńkọ́? Ó ṣì wà nígun?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Èyí tó ń rẹ́rìn-ín. Màá fi òun náà hàn án."

"Ojú nìkan ni kó o fi hàn án. Ètò àpótí yẹn, mo ti fọwọ́ sí i."

"Ẹ fọwọ́ sí i nígbà tí..."

Olóyè gbé gègé rẹ̀ onítàdáwà aláwọ̀ ewé, ó kọ ìwé àṣẹ níbẹ̀ níṣojú rẹ̀. Mo ti rí ẹ̀dà rẹ̀, mi ò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un: *Ọ̀gá Àgbà kì í ṣàṣìṣe. Ohun tí kò ní àṣìṣe kò nílò àtúnṣe. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún ètò àpótí ṣe.* Ó gbé sítáǹpù lé e nígbà mẹ́ta, ó sì nà án sí Saadat.

Ó wá tẹ̀ lé Saadat lọ sídìí ẹ̀rọ. Nígbà tó rí i tó mú àwòrán tuntun dání, ó bínú. "Kí lo fẹ́ fi àwòrán ṣe nígbà tí èmi fúnra mi dúró níbí?" Ó ṣí ìdérí sikánà, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé gíláàsì, ó sì rẹ́rìn-ín. Pamílẹ́rìn rọra fi ìdérí bò ó lórí. Iná funfun kọjá lọ, ó kọjá bọ̀. Ojú tó jáde lórí kọ̀ǹpútà dà bí ẹ̀bà tí èèyàn ṣèèṣì jókòó lé.

"Ó gún," Pamílẹ́rìn wí.

Saadat dúró dìgbà tí wọ́n jáde, ó fi àwòrán rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ kan àpótí orúkọ, nítorí kí Olóyè tó jáde, ó ti tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun sínú kọ̀ǹpútà, ó fi ti ibẹ̀ pa, òun nìkan ló sì mọ̀ ọ́n.

Wọ́n kó fọ́ọ̀mù tuntun jáde. Saadat fúnra rẹ̀ lọ sí Ìyìn lọ bá wọn kọ ọ́. Ilé kejì tó wọ̀ ni ilé Màmá Modúpẹ́, opó ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun bíi wàrà. Màmá náà ń fi ẹsẹ̀ wá àga kó tó jókòó.

"Ìgbà kejì rè é tí mo máa kọ ìwé yìí," Màmá Modúpẹ́ wí. "Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní ọkùnrin inú rẹ̀ kú. Nísinsìnyí wọ́n ní ó ti jí."

"Kò kú rárá, Màmá."

"Kó ṣáà yan ọ̀kan. Ọmọ ọmọ mi bímọ láìpẹ́ yìí. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, mò ń fọwọ́ pa á lójú, mò ń wá irú ẹni tó jọ. Ọmọ náà ń sunkún, ó rò pé mo fẹ́ fọ ojú fún òun ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mi ò rò pé mo ṣì ní ọdún mẹ́ta nílẹ̀, ọmọ mi."

Saadat kọ orúkọ rẹ̀ sí àyè kékeré etí ọ̀tún, ó kọ ọjọ́ orí, ó fàlà sí obìnrin, ó fàlà sí opó, ó fàlà sí ojú méjèèjì. Ó bojú wẹ̀yìn mú báàgì, nígbà tó fi máa padà, Màmá ti tẹ àtàǹpàkò bọ tàdáwà ìtẹ̀ka tó gbé kalẹ̀, ó ti fọwọ́ wá igun ìwé, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ Olóyè lójú ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Màmá, kí lẹ ṣe yẹn?"

"Mo dìbò fún un. Wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán, ṣé ẹni tí kò bá du ipò lè máa rẹ́rìn-ín sí mi bẹ́ẹ̀? Gbogbo wa la ti dì í láti àná. Ṣé á jẹ́ n ríran?"

Saadat gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń wá ojú Olóyè kò ní rí i lábẹ́ tàdáwà. Ó mọ̀ pé bó tilẹ̀ rí i, orúkọ Olóyè ló máa kà.

"Màmá, orúkọ yín máa dé iwájú dókítà," Saadat wí. "Èmi fúnra mi ló máa fà yín lọ́wọ́ wọlé."

"Má parọ́ fún mi o. Ọ̀pọ̀ ló ti mú ìwé wá sí ulé yìí, tí mi ò gbúròó wọn mọ́."

"Mo ṣèlérí, Màmá."

Nígbà tó padà sí Adó, ó ki fọ́ọ̀mù ẹgbẹ̀fà bọ ẹ̀rọ. Irínwó nínú wọn, ẹ̀rọ dá wọn padà, pé òun ò rí ojú. Ẹgbẹ̀rin tó kù wọlé, ṣùgbọ́n Saadat mọ orúkọ ẹni tí ẹ̀rọ kà lórí wọn. Ó tún lọ kúnlẹ̀ níwájú Olóyè, ó bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ aṣínà, ó sọ ti àtàǹpàkò fún un. Olóyè ò gbọ́ ju ìdajì ọ̀rọ̀ náà lọ.

"Wọ́n dìbò fún mi?"

"Wọ́n rò pé ìdìbò ni, sà. Orúkọ àwọn aláìsàn ló jẹ mí lógún..."

"Igun mẹ́rin, lọ́nà ẹgbẹ̀fà," Olóyè wí fún Pamílẹ́rìn. "Èló nìyẹn?"

"Ẹgbàajì ó lé ẹgbẹ̀rin ìbò, Olóyè. Alátakò kankan ò ní ẹyọ kan."

Olóyè lọ sídìí fèrèsé, ó wo ìlú Adó fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń yan ibi tí wọ́n máa gbé ère rẹ̀ sí.

Ọjọ́ tí àwọn dókítà dé pé. Wọ́n to àga oníke sínú gbọ̀ngàn, àwọn arúgbó jókòó, àwọn ará Ìyìn wà lápá òsì. Ìyáàfin Sẹ̀gilọlá, Akọ̀wé Àgbà tó ga ju Olóyè lọ níṣẹ́ ìjọba, jókòó níwájú pẹ̀lú dókítà àgbà. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, awò ojú rẹ̀ ló sábà máa ń sọ̀rọ̀ fún un.

Olóyè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní òun ni ìmọ́lẹ̀ afọ́jú. Ó ní ẹ̀rọ òun kò ní àṣìṣe nítorí ẹni tó pàṣẹ fún un kò ní. "Ẹ jẹ́ kí orúkọ wọn hàn," ó ní, ó sì na ọwọ́ sí aṣọ funfun ara ògiri, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi ìwé orúkọ hàn.

Ó hàn. Ìyáàfin Sẹ̀gilọlá kà á sókè.

"Olúwajùwọ́nlọ Ilésanmí, tí ó wà láàyè. Obìnrin. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Opó. Ojú méjèèjì."

Pamílẹ́rìn pàtẹ́wọ́. "Olóyè ló ṣáájú."

"Ẹnì kejì. Olúwajùwọ́nlọ Ilésanmí, tí ó wà láàyè. Obìnrin. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ojú òsì."

"Ó tún ṣe ipò kejì," Pamílẹ́rìn wí, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Obìnrin náà ní kí wọ́n yí i sísàlẹ̀. Wọ́n yí i, wọ́n yí i, wọ́n yí i. Ilésanmí ẹgbẹ̀rin, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ opó.

Màmá Modúpẹ́ fọwọ́ tọ́ ẹni tó jókòó tì í. "Ta lẹni tí wọ́n ń pè ṣáá yìí? Àìsàn rẹ̀ mà pọ̀ o."

Dókítà àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. "Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí nínú ìwé yín," ó ní. "A ò lè ṣí ojú ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí. Àdéhùn wa nìyẹn. Lọ́tùnla la sì ń padà."

Ariwo gba gbọ̀ngàn. Ìyáàfin Sẹ̀gilọlá yíjú sí Olóyè. "Ẹ ṣàlàyé fún mi."

"Iṣẹ́ àwọn ọ̀tá ni," Olóyè wí. Ó nàka. "Obìnrin yìí ló wà nídìí ẹ̀rọ. Saadat ló bà á jẹ́."

Saadat dìde. Ó fa ìwé kan yọ láti inú báàgì, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Akọ̀wé Àgbà. Obìnrin náà kọ́kọ́ kà á sínú. Ó wá kà á síta, láti orí *Ọ̀gá Àgbà kì í ṣàṣìṣe* títí dé orí sítáǹpù kẹta.

"Olóyè, ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀," ó ní. "Ó lè jẹ́ pé ẹ fẹ́ gba àyè ẹgbẹ̀rin arúgbó fún ara yín, olè nìyẹn, àwọn ọlọ́pàá sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín ba fọ́ọ̀mù jẹ́, tí ẹ ò sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún un ṣe. Èwo ni?"

Ẹ wo Olóyè níbi tó dúró sí. Ọkùnrin tó fi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá yin ara rẹ̀, ó wá ń wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó máa fi bú ara rẹ̀. Ó wo Pamílẹ́rìn. Pamílẹ́rìn ń wo àjà.

"Èmi... èmi ni mo bà á jẹ́," ó ní.

"Ẹ sún mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí wọ́n gbọ́ yín lẹ́yìn."

"Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Kí ni ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn?"

Olóyè tẹ̀ sí etí rẹ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ó gbàgbé pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu òun. Gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ọ: *ojúmirẹwà*.

Ọlọ́run ló mọ bí àwọn arúgbó náà ṣe rẹ́rìn-ín tó. Bàbá Adéolúwa rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fún un lómi. Pamílẹ́rìn bọ́ síwájú, ó ní òun ti ń kìlọ̀ tipẹ́, pé ojú náà ti ń ba òun lẹ́rù láti ọjọ́ tó ti wà nígun. Wọ́n ní kó lọ jókòó.

Saadat wá sọ̀rọ̀. "Mà, ìdajì ọjọ́ ni mo fẹ́ láti fi àyè orúkọ han ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n igun ni ìṣòro. Irínwó ìwé ni tàdáwà ti bo ojú Olóyè lórí wọn. Tí a bá lè sọ gbogbo ojú náà di àmì dúdú padà, gbogbo rẹ̀ ló máa gún."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ojú mẹ́rin lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, mà. Ìwé ẹgbẹ̀fà."

Dókítà àgbà ní tí wọ́n bá ń kó wọn wá bí wọ́n ṣe ń tò, àwọn á máa gbà wọ́n títí di ọ̀sán ọjọ́ kẹta. Ìyáàfin Sẹ̀gilọlá yọ awò ojú rẹ̀. Ó wo Olóyè.

"Ta ló máa tẹ̀ ẹ́?" ó ní.

Gbogbo gbọ̀ngàn ló yíjú sí ibi tó ń wò.

Wọ́n gé ìsàlẹ̀ sílípáàsì kan ní igun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba, wọ́n fi rẹ́sà gé etí rẹ̀ kó mú, wọ́n gbé tàdáwà dúdú síwájú Olóyè. Olóyè ká ọwọ́ agbádá. Ó tẹ sílípáàsì bọ tàdáwà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rẹ̀ lójú. Ó ṣí ìwé, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní, ó ń wo ojú ara rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń dágbére. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò wo ibẹ̀ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ tò sórí àtẹ̀gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ìwé lè tètè dé ọ̀dọ̀ Saadat, ẹni tí orúnkún ń dùn ni wọ́n fún ní àga. Ìgbà tó fi máa kan ìwé tó kẹ́yìn, tàdáwà ti dé ìgúnpá Olóyè, ó ti dé irùngbọ̀n, ó sì ti bá a dé imú tó dọ́gba yẹn.

Ní ti Saadat, ìdajì ọjọ́ tó béèrè tó o. Ó kọ́ ẹ̀rọ kó wá àmì dúdú mẹ́rin, ó sì fa ìlà yí àyè kékeré etí ọ̀tún ká, pé ibẹ̀ ni orúkọ wà. Ìwé tó bá wọ́ wọlé, ẹ̀rọ á tún un tò. Orúkọ ń jáde, orúkọ ènìyàn gidi, oníkálukú pẹ̀lú ojú tó ń dùn ún. Wọ́n ń kó o lọ fún àwọn dókítà ní ogún-ogún.

Wọ́n ní kí Olóyè lọ máa sinmi nílé títí wọ́n á fi rí ọ́fíìsì tí kò ní fọ́ọ̀mù. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì rí i.

Ìwé Màmá Modúpẹ́ bọ́ sí ogún tó kẹ́yìn, lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, nígbà tí àwọn dókítà ti ń di àpótí wọn. Nọ́ọ̀sì kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó pe orúkọ rẹ̀. Màmá ò dìde. Ó ní òun ń dúró de ẹnì kan. Nọ́ọ̀sì ní àkókò ń lọ.

Saadat fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó sáré gba ẹ̀yìn gbọ̀ngàn wá, ìka rẹ̀ dúdú fún tàdáwà. Ó dì í lọ́wọ́ mú.

"Aláìsàn nìkan ló ń wọlé," nọ́ọ̀sì wí.

"Mo mọ̀, ẹ má bínú. Mo ti ṣèlérí fún wọn ni."

Nọ́ọ̀sì náà wo àwọn méjèèjì, ó sì yà fún wọn lọ́nà. Saadat fà á lọ́wọ́, wọ́n wọlé.